Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á: Ọ̀rọ̀ Lórí Àtúnṣe Pátákó Oúnjẹ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ẹgbẹ́ wa)

  

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ ṣókí lórí òwò wa. A rò ó títí, a ní kí a má wulẹ̀ sọ ohun tó ga ju orí wa lọ. Àwọn tó ń ta oúnjẹ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí: alámàlà, onífùfú, oníyán, oníresì, ẹlẹ́kọ, onímọ́ínmọ́ín. Àwọn tí kò ta oúnjẹ ń ta ohun tí a fi ń sè é: ata, èlùbọ́, epo, ẹran, ewé. Nítorí náà, bí ìkòkò olóńjẹ bá dàrú, gbogbo wa ló kàn. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pátákó oúnjẹ wa, èyí tí àwọn ilé oúnjẹ ńlá ń pè ní mẹ́nù: bí a ṣe máa tún un ṣe, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ohun tó yẹ kó kúrò, àti iye tó yẹ kí a kọ síwájú rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé kí ni pátákó ní í ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó ní í ṣe. Ẹ wo orúkọ wa. Alájẹṣẹ́kù: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ kù. Láti ìgbà tí ìjọba ti ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ilẹ̀ yìí ní 1935, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ní abúlé ẹ̀yìn Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dara pọ̀, ìtumọ̀ náà kò yí padà. Kì í ṣe pé kí a má jẹ. Kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí àwo ń lọ tí àwo ń bọ̀, tí kò sì sí nǹkan kan nísàlẹ̀ àpò nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ẹlòmíràn ló jẹ. Òun kò ṣẹ́ kù.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÁÀRIN WA

Ọ̀kan nínú wa ń ta oúnjẹ lápá Mọ́níyà. Ó fún wa láyè kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí a má ṣáà dárúkọ òun. Ó yá ₦300,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹni méjì dúró fún un. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó san bó ṣe yẹ. Oṣù kẹrin, ó mú ìdajì wá. Oṣù karùn-ún, kò wá sí ìpàdé. Oṣù kẹfà, a kò tún rí i. Ni àwa olóyè bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàrin ara wa pé bóyá ó ti fi owó ẹgbẹ́ náwó ibì kan. Ẹnì kan tilẹ̀ dábàá pé kí a ka orúkọ rẹ̀ jáde lójú ìpàdé.

Alága ló ní kí a kọ́kọ́ lọ wò ó. A lọ, àwa mẹ́ta. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán la débẹ̀. Èrò kún inú ṣọ́ọ̀bù débi pé a kò rí ibi jókòó: awakọ̀, ọlọ́kadà, àwọn lébìrà tó ń bá wọn kọ́lé ládùúgbò. Inú bí wa. A ní, "Ẹni tó ń tà tó báyìí ni kò lè san owó ẹgbẹ́?" Ó kàn wò wá ni, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ń tà o. Ibi tí owó náà ń gbà lọ ni n kò mọ̀."

Gbólóhùn yẹn ló mú wa padà síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko pẹ̀lú ìwé àti bírò.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti tó bí ọdún méje tí wọ́n ti kùn ún. Oúnjẹ méjìlélógún ló wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kà á, mẹ́sàn-án péré ló wà nínú ìkòkò. Ìyán wà lára pátákó, kò sí ìyán. Ọ̀fadà wà níbẹ̀, kò sí ọ̀fadà. Ìgbín wà níbẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún méjì tó ti ra ìgbín gbẹ̀yìn. Oníbàárà á wọlé, á ní òun fẹ́ ìyán. Wọ́n á ní kò sí. Á ní ọ̀fadà ńkọ́? Kò sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, á bínú jáde, tàbí kó jẹ àmàlà pẹ̀lú ojú fífàro. Ní ti iye owó, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fagi lé e, wọ́n tún un kọ, wọ́n tún fagi lé e, títí kò fi ṣeé kà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí òun máa san, àfi kó béèrè. Ọmọ iṣẹ́ kan á sọ ₦500, èkejì á sọ ₦600. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

IBI TÍ OWÓ Ń GBÀ LỌ

Gbogbo wa la mọ ohun tó dé bá ọjà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦185 ti kọjá ₦480. Oṣù tó tẹ̀ lé e, náírà tún wálẹ̀ níwájú dọ́là. Ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ láti Òkè-Ògùn wá sí Bódìjà fowó lé owó, ẹni tó ń bá wa lọ ata fowó lé owó. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò owó ọjà sọ pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú 100 gòkè láàrin ọdún kan. Ìyẹn ni pé ohun tí a ń rà ní ₦1,000 ti lé ní ₦1,400.

Àwa mọ èyí. Pátákó wa ni kò mọ̀ ọ́n.

A jókòó ti ìkòkò ẹ̀gúsí rẹ̀, nítorí òun ló ń fi yangàn jù. A kọ gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má wo iye yìí pé òun ni iye ọjà tiyín, kálukú á fi iye tirẹ̀ sí i. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni kí ẹ mú. Ẹ̀gúsí, ₦9,000. Ata, tòmátò àti àlùbọ́sà, ₦5,000. Epo pupa, ₦4,000. Ẹ̀fọ́, ₦1,500. Irú, edé, iyọ̀ àti magí, ₦1,500. Gáàsì, ₦2,000. Omi àti owó ẹ̀rọ, ₦500. Ìpín ìkòkò yìí nínú owó ọmọ iṣẹ́, ₦2,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦26,000. Owó iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ kò tíì sí nínú rẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ ni owó ṣọ́ọ̀bù.

A bi í pé ìgbákọ mélòó ló máa ń rí nínú ìkòkò náà. Ó ní ọgọ́ta. Ìgbákọ kan, ₦500. Ọgọ́ta rẹ̀, ₦30,000. Lójú tirẹ̀, èrè ₦4,000 wà níbẹ̀. A ní kí wọ́n bá wa kà á bí wọ́n ṣe ń bù ú. Àádọ́ta ni wọ́n tà. Mẹ́wàá yòókù lọ sí èènì, sí oúnjẹ ọmọ iṣẹ́, àti sí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń bu ìgbákọ bí òkè. Àádọ́ta lọ́nà ₦500 jẹ́ ₦25,000. Òfò ₦1,000 nìyẹn lórí ìkòkò kan.

Ìkòkò kan lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù: ₦26,000. Owó tó yẹ kó máa san fún ẹgbẹ́ lóṣù sì fi díẹ̀ lé ní ₦30,000. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ mi yé. Ẹ̀gúsí tí àwọn èèyàn ń yìn ún sí, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó ẹgbẹ́ tán. Kò fi náwó, kò fi rán aṣọ. Ó ń fi ìgbákọ bù ú fún àwọn oníbàárà lójoojúmọ́ ni.

Nígbà tí a wá ṣírò ewédú àti gbẹ̀gìrì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀wà, ewédú, ata, epo, irú, gáàsì àti owó ọmọ iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ kò kọjá ₦12,000. Ìgbákọ àádọ́rin ni wọ́n tà ní ₦300. ₦21,000 nìyẹn, ₦9,000 ṣẹ́ kù. Abúlà tí kò kà sí ló ń gbé ilé náà dúró. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó pa á mọ iye tó fi pa á.

ÒKÌTÌ MẸ́RIN

Ọmọ wa kan tó kọ́ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì níléèwé ló sọ fún wa pé àwọn kan ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1982, Michael Kasavana àti Donald Smith, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Michigan State ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwé kan lórí bí ilé oúnjẹ ṣe lè yẹ mẹ́nù rẹ̀ wò. Wọ́n ní kí a bi oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì: Ṣé ó ń tà? Ṣé ó ń mú èrè wá? Ìdáhùn méjèèjì máa pín oúnjẹ wa sí òkìtì mẹ́rin. A gbé e wo lára ṣọ́ọ̀bù arábìnrin wa yìí, ó sì bá a mu.

Òkìtì kìíní ni èyí tó ń tà, tó sì lérè. Tirẹ̀ ni àmàlà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Èyí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má yí ọwọ́ ata rẹ̀ padà, ẹ má fi èlùbọ́ tí kò dáa lú u nítorí pé ó ń yá. Òun ni kó wà lókè pátákó.

Òkìtì kejì ni èyí tó ń tà, tí kò lérè. Ẹ̀gúsí nìyẹn. Ẹ má lé e lọ, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá. Ẹ tún iye rẹ̀ ṣe, tàbí kí ẹ tún ìgbákọ ṣe. Arábìnrin wa gbé e láti ₦500 sí ₦600, ó sì ra ìgbákọ kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ fi ń bù ú. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àwọn kan bínú lọ. Àádọ́ta ìgbákọ di márùndínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: ₦27,000. ₦1,000 ṣẹ́ kù níbi tí ₦1,000 ti ń sọnù. Kò pọ̀, àmọ́ kì í ṣe òfò mọ́.

Òkìtì kẹta ni èyí tó lérè, tí kò tà. Mọ́ínmọ́ín eléwé ni a rí níbẹ̀. Ó ń dùn, ó ń lérè, ṣùgbọ́n inú kúlà lábẹ́ tábìlì ló wà, kò sì sí lára pátákó. Ta ni kó mọ̀ pé ó wà? Irú èyí, ẹ gbé e jáde, ẹ kọ ọ́, kí ọmọ iṣẹ́ máa fi ẹnu pè é.

Òkìtì kẹrin ni èyí tí kò tà, tí kò sì lérè. Tirẹ̀ ni fráìdì ráìsì òun adìyẹ tó ń sè nítorí pé àwọn ilé oúnjẹ ńlá ń tà á. Alaalẹ́ ló ń ṣẹ́ kù, alaalẹ́ ló ń pín in fún ará ilé. Láti 1986 tí Mr Bigg's ti bẹ̀rẹ̀ ni irú ilé oúnjẹ wọ̀nyẹn ti wà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ míìtì-páì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àmàlà ló gbé tiwa dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kó kúrò lára pátákó.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n ṣe òkìtì kẹrin yìí. Bàbá àgbà kan wà tó ń wá jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítorí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Òun àti ẹni méjì mẹ́ta ló ń jẹ ẹ́. Bí a bá tẹ̀ lé ìṣirò nìkan, ó yẹ kó lọ. A ní kó má lọ. A ní kó ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni arábìnrin wa ń rò ó báyìí, ó kọ ọ́ sára pátákó pé Ọjọ́bọ̀ ni, àwọn tó fẹ́ ẹ sì ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ìwé ìṣirò dára, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà.

ỌJỌ́ TÍ ÌYÁ WA TAKÒ WÁ

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé, ìyá wa kan tó ti ń ta àmàlà kí púpọ̀ nínú wa tó lọ́kọ dìde. Wọ́n ní, "Ṣé bùkà ti wá di òtẹ́ẹ̀lì ni? Ẹni tí ebi ń pa kì í ka ìwé. Ìkòkò ni pátákó. Oníbàárà á yọjú wò ó, imú rẹ̀ á sì sọ fún un." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

A fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó sí wẹ́wẹ́, a rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú bùkà tiwa, bí a ṣe to ìkòkò àti kúlà ni mẹ́nù àkọ́kọ́. Ohun tí oníbàárà bá kọ́kọ́ rí ni ẹnu rẹ̀ máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ìyẹn ni pé àtúnṣe pátákó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì. Ẹ gbé òkìtì kìíní àti ìkẹta síwájú, níbi tí ojú ti máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹ gbé ìkejì sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹ yóò béèrè. Ẹ bo gbogbo rẹ̀ dáadáa kí eṣinṣin má bàa bà lé e, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣí i fún ẹni tó bá fẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un. Èrò tó mọ̀ wá nìkan kọ́ ló ń jẹun lọ́dọ̀ wa mọ́. Ojú irin tuntun tó ti Èkó wá, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2021, Mọ́níyà ló parí sí, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò mọ orúkọ wa, kò mọ ìkòkò wa, kò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kó tó wọlé, ó fẹ́ mọ ohun méjì: kí ni wọ́n ń tà, èló sì ni? Bí pátákó kò bá dá a lóhùn, á kọjá lọ ni. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tí a dì sínú ewé sì wà níbẹ̀ tó lè mú dání. Ohun tó kan Mọ́níyà kan ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní gáréèjì Ìyànà Ọ̀fà pẹ̀lú.

BÍ A ṢE MÁA KỌ PÁTÁKÓ NÁÀ

Àkọ́kọ́, ohun tó bá wà nínú ìkòkò nìkan ni kí a kọ. Pátákó jẹ́ ìlérí. Oúnjẹ mẹ́jọ tó wà lóòótọ́ sàn ju méjìlélógún tó jẹ́ "kò sí, ó ti tán" lọ.

Èkejì, ẹ ṣe pátákó méjì. Ẹ kun ọ̀kan, orúkọ oúnjẹ tí a ń sè lójoojúmọ́ ni kó wà níbẹ̀, láìkọ owó kankan sí i. Ìkejì dúdú, ṣọ́ọ̀kì la ó máa fi kọ ọ́ láràárọ̀: oúnjẹ tòní àti iye rẹ̀. Bí ọjà bá yí, ṣọ́ọ̀kì á yí, kò ní sí pé à ń san owó ọ̀dà lóṣooṣù. Bí nǹkan bá tán, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀: òkèlè lápá kan, ọbẹ̀ lápá kan, ẹran àti ẹja lápá kan. Ẹ kọ iye ẹyọ àmàlà kan, iye ìgbákọ ọbẹ̀ kan, iye ṣàkì, pọ̀nmọ́, ògúfe, ẹja. Ẹni tó ní ₦1,000 lọ́wọ́ á lè ṣírò oúnjẹ rẹ̀ níta kó tó jókòó. Kò sí ìtìjú tó dà bíi pé kí èèyàn jẹun tán kí owó má tó o.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ fi Òyìnbó díẹ̀ sí i nítorí àlejò, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín tẹ báńà fi àwòrán tó wù ú sí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀kan nínú wa, hámbọ́gà gàgàrà ni wọ́n gbé sí àárín, nígbà tó jẹ́ fùfú ló ń tà. Ọjọ́ mélòó kan làwọn ọmọdé fi ń wá béèrè hámbọ́gà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì yín síbẹ̀ ketekete. Gbogbo wa la rántí oṣù kejì sí ìkẹta ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú. Àwọn tó ní àkáǹtì lára ògiri ló rí ọjà tà. Ṣùgbọ́n kí owó wọlé kí àwo tó kúrò nílẹ̀. Ẹ má gba "mo ti fi ránṣẹ́" gbọ́ lásán.

Ẹ̀kẹfà, bí a bá máa fi owó lé e, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé láti ọjọ́ báyìí, iye yóò di báyìí. Ẹ má dín òkèlè kù ní jẹ́jẹ́, kí ẹ wá máa gba iye àtijọ́. Oníbàárà mọ̀. Kò ní sọ fún yín, kò kàn ní padà wá ni. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, ẹ ní àwo kékeré fún un, kí ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Lébìrà tó ń jẹ àwo kékeré lónìí, ọjọ́ tó bá gbowó, àwo ńlá ló máa pè. Ní ti èènì, a kò ní kí ẹ má ṣe é mọ́, àṣà wa ni. Ẹ kàn mọ iye tó ń lọ síbẹ̀, kí ẹ fi kún ìṣirò.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ FẸ́ KÍ A JỌ FỌWỌ́ SÍ

Ìkíní: láti ọdún yìí lọ, olóńjẹ tó bá fẹ́ yáwó, kó mú ìwé ọjọ́ mẹ́rìnlá wá: ohun tó rà, ohun tó sè, iye àwo tó tà nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó gbé agolo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kó máa ju hóró ẹ̀wà kan sí i fún àwo kan. Lálẹ́, kó kà á, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Èyí kì í ṣe láti fi wá ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Oníṣòwò tó mọ iye tó ń jẹ nínú ojú owó rẹ̀ kò ní fi gbèsè kún un.

Ìkejì: kí a máa yẹ pátákó wa wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹrin, nígbà tí tòmátò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹjọ, nígbà tí iṣu tuntun ti dé ọjà. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta: kí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra èlùbọ́ àti epo pupa pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń sá èlùbọ́ lọ́pọ̀ ló yẹ kí a rà á pa mọ́. Ẹ̀yin aláta, ẹ̀yin elélùbọ́ inú ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ yín la ó ti kọ́kọ́ béèrè.

Ìkẹrin kan àwa olóyè fúnra wa. Nígbà tí a fún arábìnrin wa lówó, a wo ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀, a wo àwọn onídùúró rẹ̀. A kò wo ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí kò san mọ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é ní ọlọ́wọ́ gígùn láì tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A tọrọ àforíjì. Láti òní lọ, ẹgbẹ́ kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni jáde láìjẹ́ pé a ti dé ìsọ̀ rẹ̀, tí a sì jókòó tì í.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Kò tíì parí. Ó ku owó oṣù méjì kó san tán. Pátákó rẹ̀ tuntun ti wà lẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìkòkò. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró rẹ̀ san owó oṣù méjì nítorí rẹ̀ nígbà tí nǹkan le. Ó ti dá a padà. Wọ́n ń kíra wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó pọ̀ ní ìpàdé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyẹn kò sí nínú ìwé àkáǹtì, owó sì kọ́ la ó fi tún un ṣe. Àwọn méjèèjì wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí. A bẹ̀ wọ́n, lọ́lá àjọ̀dún yìí, kí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan náà. Ẹgbẹ́ ni yóò san án.

 Ọjà á máa tà, àwìn kò ní pọ̀ jù wá lọ, ojú owó wa kò ní bọ́ sínú iná. A ó máa jẹ, á sì máa ṣẹ́ kù. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ o.